Ẹ Má Fi Ojú Òkè Apẹ̀rẹ̀ Ra Tòmátò: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Máa Wọn Ojú Òpó Ẹgbẹ́ àti Iléeṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka Yankaba bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù. Àwọn àgbà ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí kí àwọn tí kò lè wá lè kà á.)

  

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní ó tó àkókò kí ẹ̀ka yìí ní ojú òpó tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní wẹ́ẹ̀sáìtì. Àwọn ọmọkùnrin méjì mú àpẹẹrẹ wá, owó tí ẹnì kìíní pè sì tó ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì. Ẹ ní kí n lọ yẹ méjèèjì wò, kí n wá sọ èyí tó dára jù fún ìpàdé. Mo ti ṣe é. Ṣùgbọ́n kí n tó jíṣẹ́, ohun kan wà tí mo ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín. Ẹni tó ti fi òṣùwọ̀n èké wọn ọjà fún ọmọ ẹgbẹ́ rí, kò tọ́ kí ó gbé òṣùwọ̀n mìíràn jáde láìsọ ti àkọ́kọ́.

Ohun tí ojú mi rí

Ní ọdún tó kọjá, ìyá kan nínú wa, opó ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀, mú fóònù wá bá mi ní ìsọ̀ mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti rí ilé ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní àyè ṣì kù, ṣùgbọ́n kí wọ́n san owó ìgbàwọlé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni ó ń kà, díẹ̀díẹ̀ náà ni. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi wò ó. Bí ẹ bá ti ní ó dára, ó parí."

Mo wò ó. Ẹ̀yin ará, ó dára lójú. Mo rí àwòrán ilé alájà mẹ́ta, mo rí àwọn ọmọbìnrin nínú aṣọ funfun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo rí àmì àgádágodo kékeré lókè pátápátá tí wọ́n ti sọ fún mi pé òun ni àmì ààbò. Kò sí àṣìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí èmi tó ka ìwé mẹ́fà lè rí. Mo ní, "Màmá, ó dára." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó lọ san náírà 120,000. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ata mọ iye oṣù tí owó yẹn jẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìwọlé pé, ìyá àti ọmọ wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí wọ́n júwe. Wọn kò bá ilé ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ni wọ́n bá. Nọ́ńbà fóònù tó wà lójú òpó náà kò lọ mọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìyá náà kò bú mi, kò sunkún lé mi lórí. Ó kàn wí pé, "Akọ̀wé, ẹ ní ó dára." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Lóru ọjọ́ náà ni mo tó ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo wá ojú òpó Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà. Níbẹ̀ ni wọ́n ń to orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. Mo kà á láti òkè délẹ̀. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tiwa kò sí níbẹ̀. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Orúkọ lásán ni mo rí níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni òtítọ́ wà.

Mo ń san owó náà padà fún un díẹ̀díẹ̀, Bàbá Alága mọ̀ sí i. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo wo ojú, n kò wo inú. Èmi tí mo ti ń ra tòmátò ní Yankaba láti kékeré!

Apẹ̀rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀

Ta ni nínú wa tí kò mọ ọgbọ́n yìí? Apẹ̀rẹ̀ ti oko dé, àwọn tó pupa, tó le, tó ń dán, ni wọ́n tò sókè. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà yóò ní ó dára, yóò sanwó, yóò dì í sọ́kọ̀ lọ sí Máìlì Kejìlá ní Èkó. Kí ó tó débẹ̀, omi ti ń kán nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ lọ́jà yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò bèèrè oko tó ti wá àti ọjọ́ tí wọ́n já a. Ohun tó dára wu òun náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹwà òkè apẹ̀rẹ̀ kì í dé Máìlì Kejìlá.

Apẹ̀rẹ̀ ni ojú òpó. Ojú ewé àkọ́kọ́ tí a máa ń rí ni òkè rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé ibi tí nǹkan yìí ti ṣẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì CERN ní Geneva, ní Switzerland, ló gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní 1989. Ní 1991 ni àwọn ará ìta bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ní 1993 ni CERN sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí àwọn onímọ̀ tó ń lo oríṣiríṣi ẹ̀rọ lè rí ìwé ara wọn kà láìsí wàhálà. Iṣẹ́ ni wọ́n dá a fún. Ọ̀ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló dé. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè ṣí ìsọ̀ síbẹ̀. Ní ọjà tiwa, Sarkin Kasuwa yóò bi ọ́ pé ta ni ọ́, ta ló mọ̀ ọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí Sarkin Kasuwa. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò bèèrè.

Àwọn tó ti ń wọn ṣáájú wa

Ẹ má rò pé àwa la kọ́kọ́ dá irú ìwọ̀n yìí sílẹ̀. Láti 2001 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń yẹ ojú òpó àwọn ìjọba wò. Orílẹ̀-èdè 193 ni, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi gbogbo wọn. Àwọn olùwádìí yóò wọ ojú òpó ìjọba kan, wọn yóò kà á ní èdè orílẹ̀-èdè náà, wọn yóò sì ṣe bí ará ìlú lásán tó wá nǹkan wá. Bí wọn kò bá rí i, a jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ó wà ní kọ̀rọ̀ kan.

Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ẹgbẹ́ kan ní Abuja tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PPDC máa ń to àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ní ipò ní tí òfin òmìnira ìròyìn. Wọ́n ń wo ohun tí iléeṣẹ́ náà ti gbé síta fún ará ìlú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè. Wọ́n tún ń kọ lẹ́tà ìbéèrè sí wọn, wọ́n sì ń wo bí ìdáhùn ṣe yá sí. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn: wò ó, kí o sì rán an níṣẹ́.

Ní 2004, àwọn olùwádìí kan lábẹ́ CSIC, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ilẹ̀ Spéènì, bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn yunifásítì ayé nípa ohun tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì àti iye ojú òpó mìíràn tó ń tọ́ka sí wọn. Webometrics ni wọ́n pè é. Àwọn yunifásítì wa náà máa ń kéde ipò wọn nínú rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ẹwà ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀. Ohun tí àwọn mìíràn ń sọ nípa rẹ lẹ́yìn rẹ wúwo lójú wọn ju ohun tí o ń sọ nípa ara rẹ lọ.

Nínú ohun tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe, àti nínú ohun tí ọjà kọ́ mi, mo mú ìbéèrè márùn-ún jáde.

Ìbéèrè kìíní: Ta ló ni ín?

Ẹ wo àdírẹ́sì rẹ̀. Orúkọ tó bá parí sí .gov.ng, ti ìjọba Nàìjíríà ni. Èyí tó bá parí sí.edu.ng, ti ilé ẹ̀kọ́ ni. Wọn kì í fi àwọn yẹn fún ẹni tó bá ṣáà ti fẹ́. Ṣùgbọ́n .com, .com.ng àti .org, ẹnikẹ́ni lè rà wọ́n. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ "gov" láàárín orúkọ, tí orúkọ náà sì parí sí .com, kì í ṣe ti ìjọba wa. Ìparí ni kí ẹ máa wò.

Ní ti àmì àgádágodo tó tàn mí jẹ, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: pé ẹlòmíràn kò lè yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti ojú òpó náà jọ ń sọ lójú ọ̀nà. Kò sọ pé ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe olè. Olè náà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ẹ̀yin sínú ilé kan náà.

Nítorí náà, ẹ jáde kúrò nínú ojú òpó náà kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí ó bá ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni òun, ẹ wo ìwé Ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì. Bí ó bá ní yunifásítì ni òun, ẹ wo ìwé NUC. Bí ó bá ní iléeṣẹ́ ni òun, CAC ní àyè tí ẹnikẹ́ni ti lè tẹ orúkọ wò bóyá ó wà nínú ìwé wọn. Bí ó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín sọ ọ́ di púpọ̀, orúkọ nínú ìwé CAC nìkan kò tó. SEC ló ń fún irú wọn ní àṣẹ.

A ti rí i rí. Ní ìparí 2015 ni MMM wọ Nàìjíríà, tó ń ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú 100 lóṣù. Ní oṣù Kejìlá 2016, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kẹrin 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tó ti ń ṣèlérí láti sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. SEC ní òun kò fún un ní àṣẹ. Títí di ọjọ́ tó wó lulẹ̀, iye owó ń gòkè lójú fóònù àwọn ènìyàn ní àràárọ̀. Ojú òpó náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, olówó rẹ̀ ni kò sí.

Ìbéèrè kejì: Ọjọ́ wo ni wọ́n já a?

Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Mo rí ojú òpó ẹgbẹ́ kan, kì í ṣe tiwa, tí ẹni tí wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alága ti di olóògbé. Ìpàdé tí wọ́n kéde níbẹ̀ ti kọjá ní ọdún mẹ́ta. Àlejò tó bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn dání yóò lọ jókòó níwájú ilẹ̀kùn títì. Ojú òpó tí kò ní ọjọ́ dà bí tòmátò tí olówó rẹ̀ kò fẹ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n já a.

Ìbéèrè kẹta: Ṣé ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an?

Òpómúléró gbogbo rẹ̀ nìyí. Ojú òpó kì í ṣe àwòrán tí a gbé kọ́ sára ògiri. Ọmọ tí a ń rán níṣẹ́ ni. Ohun tí ẹ fẹ́ ní kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó ṣí i: iye owó kan ni, tàbí ọjọ́ kan, tàbí orúkọ ẹni tí a ó pè. Kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ ó rí i, àti bí yóò ti pẹ́ tó. Kí ẹ lo fóònù kékeré, ní ìsọ̀, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, torí ibẹ̀ ni a ó ti máa lò ó. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ńlá nínú yàrá tútù kò lè bá wa wọn tiwa.

Kí ẹ sì rántí ẹni tí ojú ń dùn àti ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1999 ni W3C, àjọ tí Berners-Lee dá sílẹ̀ fún ìlànà ojú òpó, ti kọ ìlànà síta pé kí a máa ṣe ojú òpó tí afọ́jú pẹ̀lú lè lò. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ lè kà á sókè, ó sì ṣeé sọ di ńlá. Èyí tí a bá kọ sínú àwòrán, ìran tirẹ̀ parí síbẹ̀. Ní ti èdè, BBC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2018, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún wa mọ́ pé Yorùbá kò ṣeé kọ síbẹ̀.

Ìbéèrè kẹrin: Ṣé ó ń jíhìn?

Òfin òmìnira ìròyìn tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní 2011 sọ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fúnra wọn gbé ohun tí wọ́n ń ṣe àti bí wọ́n ṣe ń náwó jáde fún ará ìlú. Bí ẹnì kan bá sì kọ̀wé béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe iléeṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n owó àwọn ènìyàn wà lọ́wọ́ wa. Ojú òpó tó ní àwòrán àríyá márùnlélógójì, tí kò sì ní ìwé owó kan ṣoṣo, ẹ ti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè karùn-ún: Ṣé ó ń bo àṣírí?

Ìjíhìn yàtọ̀ sí títú àṣírí. Nàìjíríà ṣe òfin ààbò ìròyìn ara ẹni ní 2023. Nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́, ilé tó ń gbé, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń pàtẹ. Àwa tí a wà ní àjò, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹlòmíràn lọ.

Bí mo ṣe wọn àpẹẹrẹ méjèèjì

Ẹni tó bá fi tíyà kan wọn ti Àjàní, tó sì fi òmíràn wọn ti Àlàdé, kò tíì wọn nǹkan kan. Nítorí náà mo mú fóònù kan ṣoṣo, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, nínú ọjà. Mo pe ènìyàn mẹ́ta. Ọ̀kan ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan ni bàbá kan nínú wa tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ẹnì kẹta ni ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Akọ̀wé, n ó wá. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni n ó fi ọwọ́ kàn án." Fóònù rẹ̀ ni a lò, nítorí òun ló kéré jù.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo rán wọn. Èkínní, ọjọ́ wo ni ìpàdé tó ń bọ̀? Èkejì, èló ni ẹgbẹ́ ń fún ìdílé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú? Ẹ̀kẹta, ta ni a ó pè bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wà ní ọsibítù? Ẹ̀kẹrin, báwo ni a ṣe ná owó ọdún tó kọjá? Kí ó má bàa jẹ́ pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni yóò kọ́ wọn ní ti èkejì, n kò jẹ́ kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà.

Àpẹẹrẹ kìíní, èyí tó wọ́n, dára púpọ̀ lójú. Àwòrán rẹ̀ ń rìn, orin ń dún. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọjà kò gbé e. A jókòó tì í bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iye owó ìsìnkú wà nínú àwòrán kan, nígbà tí bàbá wa sọ ọ́ di ńlá, ó fọ́ mọ́ ọn lójú. Ọmọ ìsọ̀ mi jẹ́ iṣẹ́ mẹ́ta, bàbá wa jẹ́ ọ̀kan, ìyá wa kò jẹ́ ọ̀kankan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin nínú méjìlá.

Àpẹẹrẹ kejì kò ní ọ̀ṣọ́. Ó funfun báláú, lẹ́tà rẹ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ó yára ṣí, ó sì ní ojú ewé Yorùbá. Ọmọ ìsọ̀ mi jẹ́ mẹ́ta, bàbá wa jẹ́ mẹ́ta, ìyá wa jẹ́ méjì. Mẹ́jọ nínú méjìlá. Nígbà tí ìyá wa rí iye owó ìsìnkú, ó fi ìka tẹ̀lé e, ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ọkọ mi kú. Ìdajì iye yìí ni wọ́n kó fún mi. Ṣé wọ́n ti fi kún un ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìpàdé ló fi kún un. Ó ní, "Kò sí ẹni tó sọ fún mi." Ẹ̀yin ará, ìdí tí a fi nílò ojú òpó nìyẹn.

Bàbá kan sọ ní ìpàdé tó kọjá pé WhatsApp ti tó wa. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ọ̀rọ̀ yín kò ṣe é kó dànù. WhatsApp dára fún ìpè kíákíá. Ṣùgbọ́n odò ni. Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbẹ̀ ní àárọ̀ ti ṣàn lọ kó tó di alẹ́. Ojú òpó ni pátákó tí a kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó wọlé lónìí àti ẹni tó wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, ohun kan náà ni wọn yóò kà.

Iṣẹ́ kẹrin

Ẹ ti lè ṣàkíyèsí pé mẹ́sàn-án ni iye tó ga jù tí ẹnikẹ́ni ìbá rí gbà, kì í ṣe méjìlá. Iṣẹ́ kẹrin, ti ìwé owó, kò sí ẹni tó jẹ́ ẹ, ní àpẹẹrẹ kìíní àti ní èkejì. Inú bí mi. Mo pe àwọn ọmọ méjèèjì, mo ní èé ṣe tí ẹ kò fi ìwé owó sí i? Ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ kò fún wa."

Òótọ́ ni. A kò fún wọn, nítorí a kò tíì ka ìwé owó ọdún tó kọjá níwájú ìpàdé yìí. Ọwọ́ èmi àti akápò ni ó wà. N kò sọ pé owó sọnù, kò sọnù. Ìwé ni a kò jókòó tì. Èmi tí mo fẹ́ lọ wo ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn, apẹ̀rẹ̀ ti ara mi ni mo bá. Ojú òpó kò lè sọ ohun tí a kò mọ̀, kò sì lè jíhìn fún ẹni tí kò jíhìn. Bí a bá fi owó púpọ̀ kọ́ ọ láìṣe èyí, ìsọ̀ tí a kun lọ́dà tí kò ní ọjà nínú ni a kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìpàdé fọwọ́ sí

Bàbá Alága, ìdáhùn mi rèé. Kí a mú àpẹẹrẹ kejì. Ọmọ tó ṣe ti kìíní ní ọwọ́ tó dára. Kí a bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa ṣe àwòrán díẹ̀ tí kò ní wúwo. Ṣùgbọ́n kí a má san kọ́bọ̀ kan títí ohun mẹ́rin yóò fi dúró.

Èkínní, kí àdírẹ́sì náà wà ní orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ní orúkọ ọmọ tó ṣe é. Ọdọọdún ni a ń san owó orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti ìlú yìí lọ tí kò sì san án, orúkọ wa lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èkejì, kí ẹnì kan máa tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìpàdé gbogbo, kí ó sì kọ ọjọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó jẹ́ fóònù ẹgbẹ́ nìkan ni yóò wà níbẹ̀, kí a má gbé ti ọmọ ẹgbẹ́ kankan síta.

Ẹ̀kẹrin, kí èmi àti akápò ka ìwé owó ọdún tó kọjá níhìn-ín ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí àwọn tí ẹ bá yàn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ó gbé sórí ojú òpó náà.

Mo tún ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan sí i. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kankan bá fẹ́ sanwó fún ilé ẹ̀kọ́, fún iṣẹ́, tàbí fún òwò tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó wá sí ìsọ̀ mi kí ó tó san. N kò ní sọ fún un mọ́ pé ó dára. A ó jọ jókòó, a ó jọ bi í ní ìbéèrè márùn-ún, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, ẹ sọ fún un pé ọjọ́ kẹrin ni ọjà tiwa.

Ọmọbìnrin ìyá wa ti gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, òun àti ìyá rẹ̀ ló wá orúkọ náà rí nínú ìwé Ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó wá bá mi. Wọn kò bi mí bóyá ó dára. Wọ́n wá fi hàn mí ni.

 

Akọ̀wé Ẹ̀ka, Yankaba